Kí wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó tán, ẹ jẹ́ ká bi èédú Enugu léèrè

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ wúrà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti di ohun tí à ń kà lójú ìwé yín, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí yín ń tẹnu mọ́ ni iye owó tí yóò wọlé fún ìjọba, iye ọ̀dọ́ tí yóò rí iṣẹ́ ṣe, àti ọ̀nà ọ̀dà tí wọn yóò là wọ àwọn abúlé. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ rán wa létí ni pé orílẹ̀-èdè yìí ti ní ìlú kan rí tí ó jẹ́ pé ohun àlùmọ́ọ́nì ni wọ́n torí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó, tí ohun náà sọ ọ́ di ìlú ńlá, tí ohun kan náà sì di èyí tí ẹnikẹ́ni kò rà mọ́ kí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tó darúgbó. Enugu ni mo ń wí. Kì í ṣe Enugu tí gómìnà ń gbé ni mo ní lọ́kàn bí kò ṣe àwọn ibùdó kéékèèké tí ó bí i, èyí tí orúkọ wọn ń jẹ́ Iva Valley, Udi Siding àti Coal Camp, níbi tí àwọn awakùsà ń sùn, tí wọ́n ń jí, tí wọ́n sì ti ń gba inú òkè lọ síbi iṣẹ́.

Kí ọdún 1909 tó dé, abúlé àwọn àgbẹ̀ bíi Ngwo ni ó wà lórí òkè Udi àti ní ìdí rẹ̀. Ọdún náà ni ikọ̀ tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì kiri fún ìjọba amúnisìn, èyí tí Albert Kitson jẹ́ olórí fún, rí i pé èédú wà nínú òkè náà. Ìjọba gba ilẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Ojú irin ń bọ̀ láti etí òkun lákòókò kan náà, nítorí èédú tí kò bá rí ọ̀nà jáde kò yàtọ̀ sí òkúta. Port Harcourt gan-an tí a mọ̀ sí ìlú epo lónìí, èédú Udi ni wọ́n torí rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó, kí ó lè jẹ́ èbúté tí wọn yóò máa gbà kó o. Ojú irin náà dé Enugu ní 1916, èédú tí wọ́n sì wà jáde lọ́dún náà jẹ́ nǹkan bíi 24,500 tọ́ọ̀nù. Wọ́n ṣí ihò kejì sí Iva Valley ní 1917, ọdún yẹn náà sì ni ìjọba fi òfin sọ Enugu di ìlú. Láti orí oko dé orí ìlú tí òfin mọ̀, ọdún méjì péré ni.

Ta ló wa èédú náà? Alfred Inoma kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Onitsha lọ́dún 1915, ibi tí wọ́n sì dó sí ni wọ́n ń pè ní Ugwu Alfred. Ṣùgbọ́n wọn kò tó, àwọn ará abúlé tó yí òkè náà ká kò sì fẹ́ wọ inú ilẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún òyìnbó. Ìjọba kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n kún wọn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn olóyè tí òun fúnra rẹ̀ fi ìwé àṣẹ jẹ, pé kí wọ́n máa fa àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé wọn kalẹ̀. Olóyè Onyeama ti ìlú Eke ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ yìí, ó sì lówó, ó lágbára, títí ó fi kú ní 1933. Nígbà tó yá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú àwọn ihò kùsà náà. Mo fi èyí sọ kí ẹni tó bá ń rò pé ayọ̀ ni gbogbo ìlú fi ń pàdé ohun àlùmọ́ọ́nì lè mọ̀ pé tipátipá ni ọ̀pọ̀ fi wọ inú òkè náà. Nígbà tí owó orí dé ilẹ̀ Ìgbò ní 1928, tí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì ń béèrè fún owó lọ́wọ́, kò pọn dandan mọ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹlòmíràn kalẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá.

Ẹni tí kò bá tí ì rí irú kùsà yìí lè rò pé ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí kànga. Ara òkè ni wọ́n ń gbà wọlé ní Enugu. Wọ́n á dá ihò lu ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n á sì máa tẹ̀lé ìpele èédú náà lọ síbikíbi tó bá yà sí. Ìpele ọ̀hún kò nípọn, ó sì di dandan kí ọkùnrin tó ga bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi kó tó lè kọjá. Ẹni tó ń gbẹ́ èédú ni àgbà iṣẹ́ nínú ihò. Òun ni yóò fi díígà gé ìdí ògiri èédú náà wọlé, tí ẹni tó ń yin ẹ̀tù yóò fi lè fọ́ èyí tó kù lókè lulẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn tó ń ti ọmọlanke onírin yóò wọlé, tí wọn yóò fi ṣọ́bìrì kó èédú sínú rẹ̀, tí wọn yóò sì máa tì í lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi yọ sí ìta. Omi ń kán láti òkè, omi ń sun láti ilẹ̀. Igi gbọọrọ ni wọ́n fi ń ti àjà ihò náà kó má bàa wó lù wọ́n, awakùsà tó bá sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ a máa dẹ etí sí igi wọ̀nyẹn, nítorí wọ́n máa ń ké kí wọ́n tó dá. Iye ọmọlanke tí wọ́n bá tì jáde ni wọ́n fi ń ṣírò owó àwọn tó ń gbẹ́ èédú. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi gbé omi jáde tàbí tí wọ́n fi to igi tuntun, kí ni wọn yóò kà? Nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìjà àárín wọn àti àwọn ọ̀gá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló kan Yorùbá nínú èyí. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Èbúté Mẹ́ta ni ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ibẹ̀ ni a sì dàgbà sí. Aṣọ tí ìyá wa bá sá, bí a kò bá tètè ká a kí ọkọ̀ tó wọ Lókò, èéfín á ti gùn ún ní dúdú. Èéfín Enugu nìyẹn. Iná tí Èkó ń tàn láti 1923 tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ amúnáwá Ìjọra, èédú ni wọ́n fi ń hó omi tó ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, èédú ni wọ́n sì tún fi ń bọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1956. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti Port Harcourt. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá odò Benue ní Makurdi ní 1932, ojú irin ti so Enugu pọ̀ mọ́ Kaduna, ó sì ṣeé gbé gba orí ilẹ̀ wá. Gold Coast tí a ń pè ní Ghana lónìí náà ń rà nínú rẹ̀ fún rélùwéè tirẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ pé ayé dára nígbà tí iná kì í lọ ní Èkó, ó yẹ kí wọ́n máa rántí pé ẹnì kan wà nínú òkè kan tó ń ti ọmọlanke kí iná náà má bàa kú.

Ìlú náà gbilẹ̀ lóòótọ́. Ìjọba kó olú ìlú ìpínlẹ̀ Gúúsù lọ sí Enugu ní 1929, akọ̀wé àti agbẹjọ́rò dé, ọjà Ogbete kún, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ibùdó àwọn awakùsà ní ilé-ìwòsàn tirẹ̀. Ọmọ awakùsà ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, a sì rí lára wọn tí ó di dókítà àti olùkọ́ yunifásítì. Ẹ jẹ́ ká fún èédú ní ìyìn tó tọ́ sí i níbí, kí ó má bàa dà bí ẹni pé ẹ̀gàn ni mo fẹ́ fi ìwé yìí kọ: owó oṣù tí kì í yẹ̀ sọ ọ̀pọ̀ ìdílé àgbẹ̀ di ìdílé onímọ̀ láàárín ìran kan.

Síbẹ̀ wọn kò pín ìyìn náà dọ́gba. Òyìnbó ní òkè tirẹ̀ tó ń gbé, òṣìṣẹ́ dúdú ní yàrá kan tó ń há mọ́ ìyàwó àti ọmọ, àgbàlagbà tí ó ní ilé àti oyè ní abúlé rẹ̀ sì ni wọ́n ń pè ní "bọ́ì" nínú ihò. Ní 1945, ọ̀gá òyìnbó kan lu Okwudili Ojiyi, ẹni tó jẹ́ agbátẹrù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kùsà. Ojiyi kò gbẹ̀san. Ilé-ẹjọ́ ló gbà lọ, ó sì jàre. Kékeré kọ́ ni ìyẹn nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn awakùsà ti mọ̀ pé ohun tí à ń fi ẹnu bẹ̀bẹ̀ fún ṣeé fi ìwé gbà.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1949 ni gbogbo ayé gbọ́. Àwọn awakùsà ní ìjọba jẹ àwọn lówó sẹ́yìn. Wọn kò yan iṣẹ́ lódì. Wọ́n ń wọ inú ihò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ẹ̀lẹ̀ ṣe é tó fi jẹ́ pé èédú tí ń jáde kò tó nǹkan. Àwọn ọ̀gá lé lára àwọn tó ń gbẹ́ èédú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó kù sì kọ̀ láti kúrò nínú kùsà kí wọ́n má bàa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Ẹ̀rù ń ba ìjọba pé ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ èédú lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Zikist tí ń jà fún òmìnira, wọ́n sì rán ọlọ́pàá láti kó o kúrò. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú, àwọn ọlọ́pàá dé Iva Valley lábẹ́ F. S. Philip. Àwọn awakùsà kóra jọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, àwọn mìíràn so aṣọ pupa mọ́ra. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ì bá mọ̀ pé bí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wọn ṣe ń fún ara wọn ní ìgboyà nìyẹn. Philip ka ijó náà sí ogun, ó ní kí wọ́n yìnbọn. Ènìyàn 21 kú. Àwọn tó fara gbọta lé ní 50.

Gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbóná. Ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀ ní Aba, Onitsha, Port Harcourt àti Calabar. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí wọn kì í jọ jókòó gbàgbé ìjà wọn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì sílẹ̀, Dókítà Akinọlá Májà sì ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lábẹ́ Sir William Fitzgerald, èyí tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké tó wá di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà lẹ́yìn náà, jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, sọ pé Philip ṣi ọ̀rọ̀ náà rò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí. Wọn kò gbé Philip lọ sílé-ẹjọ́. Nínú èrò tèmi, ọdún yẹn ni ibùdó kékeré yìí ṣe fún Nàìjíríà ju gbogbo èédú tó wà jáde lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn awakùsà náà wà lára ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ òmìnira yá kánkán.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni kùsà náà dé góńgó. Èédú tí wọ́n wà láàárín 1958 sí 1959 lé ní 900,000 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan yóò ní ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn kan ní láti wò ó nígbà náà, wọn kò wò ó. Wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, wọ́n ti ń kó o lọ tà lókè òkun ní 1958. Rélùwéè ti ń ra ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ghana náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ gáàsì ti fẹ́ máa dá iná ní Afam, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ dídí odò Ọya ní Kainji, èyí tí wọ́n ṣí ní 1969.

Mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Àṣà wa ni láti máa sọ pé epo rọ̀bì ló pa èédú, bí ẹni pé àrùn kan ni epo jẹ́ tó ti òkèèrè wá. Ohun tó pa kùsà Enugu ni pé oníbàárà kan ṣoṣo ló ní. Ìjọba ló ni kùsà náà, ìjọba kan náà ló ni rélùwéè tó ń ra èédú, òun kan náà ló ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó ń ra èyí tó kù. Ìlú Nkalagu ń rà díẹ̀ láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, Oji River tó wà nítòsí ń rà díẹ̀ láti fi tan iná, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Irú èédú tó wà níbẹ̀ náà dá kún un: ó dára fún híhó omi, ṣùgbọ́n òun nìkan kò ṣeé sun di irú èédú líle tí wọ́n fi ń yọ́ irin, nítorí náà ilé iṣẹ́ irin kò lè gbà á kalẹ̀ lọ́wọ́ rélùwéè. Lọ́jọ́ tí ìjọba gẹ́gẹ́ bí oníbàárà bá yí ọkàn padà, ìjọba gẹ́gẹ́ bí olówó kùsà kò ní ẹni tí yóò tà á fún. Ọ́fíìsì kan ní Èkó buwọ́ lu ríra ẹ́ńjìnnì tuntun, ó sì tọ̀nà láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì náà dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tí kò tọ̀nà ni pé kò sí ọ́fíìsì mìíràn tí wọ́n yàn láti béèrè pé, àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń gbẹ́ èédú wọ̀nyí, kí ni wọn yóò máa ṣe?

Ogun abẹ́lé wá bá ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Enugu ni olú ìlú Biafra nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Èbìbì 1967, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà. Iṣẹ́ dá dúró. Kùsà tí ẹnikẹ́ni kò fa omi rẹ̀ jáde kì í dúró de ènìyàn. Omi kún inú ihò, àjà wó, wọ́n kó irin àti ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ padà dé ní 1970, wọ́n bá rélùwéè tí kò bìkítà mọ́ bóyá wọ́n dé tàbí wọn kò dé.

Ìjọba gbìyànjú. Nǹkan bí ọdún 1975 síwájú, wọ́n gbé àwọn onímọ̀ wá láti orílẹ̀-èdè Poland kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ ńlá wa èédú ní ihò Onyeama àti Okpara dípò díígà àti ọmọlanke. Ẹ̀rọ náà kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó di àlòkù irin. Ọdún ń gorí ọdún, gbèsè ń gorí gbèsè, owó oṣù ń dúró. Nígbà tó fi máa di 2002, wíwa èédú ní Enugu ti dáwọ́ dúró. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kò rí owó ìfẹ̀yìntì gbà bó ṣe yẹ, wọ́n sì ké gbàjarè títí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú. Ẹni tó lo ọgbọ̀n ọdún nínú òkè kó Èkó lè rí iná tàn wá ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan, ó ń dúró de akọ̀wé tí kò tí ì dáyé nígbà tí òun ń ti ọmọlanke.

Bí ẹ bá lọ sí Coal Camp lónìí, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni àwọn tó ń ta èlò ara mọ́tò àti àwọn mẹ́káníìkì. Inú mi dùn sí wọn, nítorí wọ́n rí nǹkan fi ìlú náà ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Omi tí ń sun jáde láti inú àwọn ihò tí wọ́n pa tì, bíi ti Okpara, ní kíkan tí ń jẹ irin nínú, inú odò ló sì ń ṣàn lọ. Enugu fúnra rẹ̀ kò kú, àwọn tó ń pè é ní ìlú èédú títí di òní kò sì purọ́ pátápátá. Ohun tó gbà á là ni pé ó jẹ́ olú ìlú. Bí wọ́n bá yọ gómìnà, ilé-ẹjọ́ gíga àti yunifásítì kúrò nínú rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí èédú nìkan fi sílẹ̀: Iva Valley, pẹ̀lú ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó ti gbó àti ẹnu ihò tí igbó ti bò. Àwọn ibòmíràn tó ní ohun àlùmọ́ọ́nì kò ní olú ìlú tí yóò gbà wọ́n là.

Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ ni pé èédú padà lọ́jà. Nítorí gáàsì tí kò dúró sójú kan, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí ń dá iná èédú ti pọ̀ ní Nàìjíríà báyìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Kogi àti Gombe ni wọ́n ti ń wa púpọ̀ nínú rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbalaja tí katapílà lè dé. Oníbàárà mìíràn dé nígbà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti kú, tí omi sì ti kún ihò. Bí wọ́n bá ti wá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ní 1960, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Nísinsìnyí, mo padà sílé. Ní 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà jáde ní kùsà Ṣẹ̀gilọlá tó wà lágbègbè Ìperíndó. Ó yàtọ̀ sí ti Enugu, nítorí wúrà kì í wá oníbàárà, gbogbo ayé ló ń rà á. Ṣùgbọ́n wúrà máa ń tán, kùsà irú èyí sì máa ń tán yá ju ti èédú lọ. Kí ó tó dé ni àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ti wà ní Igun àti Itagunmódi, ohun tí wọ́n sì ṣe sí omi wa kò farasin fún ẹnikẹ́ni tó bá ti dé etí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó rí àwọ̀ tí omi náà ní. Kò sí ẹni tí a lè mú ní tiwọn, nítorí wọn kò ní ìwé. Ilé iṣẹ́ tó ní ìwé ni a lè bá sọ̀rọ̀, ìjọba tó fún un ní ìwé náà sì ni ó yẹ ká kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Òfin wà. Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 sọ ọ́ ní abala 116 pé kí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ wa kùsà bá àwọn ará ìlú tó wà níbẹ̀ ṣe àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa àǹfààní tí yóò ṣe wọ́n. Òfin kan náà sọ nípa owó tí a gbọ́dọ̀ máa yà sọ́tọ̀ fún títún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Enugu kò ní irú òfin yìí. Àwa ní in, a kò sì ní àwíjàre kankan bí ọ̀rọ̀ wa bá rí bíi tiwọn. Nítorí náà, dípò ká tún máa bèèrè iye wúrà tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rọ àwọn tó ń ṣojú wa ní Òṣogbo àti ní Abuja láti bèèrè àwọn ohun wọ̀nyí. Ṣé wọ́n ti kọ àdéhùn náà ní èdè Yorùbá, ṣé wọ́n sì ti kà á jáde ní gbangba níwájú àwọn àgbẹ̀ tí ilẹ̀ wọn lọ sí i, kì í ṣe níwájú àwọn ọba àti olóyè nìkan? Bí Onyeama ṣe dúró fún Eke kọ́ ló yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró fún wa. Èló ló wà nínú owó títún ilẹ̀ ṣe, ta ló ń ṣọ́ ọ, ta ló lè fọwọ́ kàn án? Ọ̀fìn ńlá tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ṣé omi ni yóò kún inú rẹ̀ ni, ta ni yóò sì máa yẹ omi náà wò? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa katapílà níbẹ̀, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń kọ́ wọn báyìí tí wọn yóò lè fi jẹun ní Iléṣà tàbí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí kùsà bá ti ilẹ̀kùn? Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ilẹ̀kùn bá tì kó tó bèèrè, ọ́fíìsì tí àwọn awakùsà Enugu dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni òun náà yóò lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ mi yóò lé àwọn olówó sá. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ní i lọ́kàn láti san owó náà kò ní bínú pé a bèèrè ibi tó wà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olóòtú ni pé kí ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn yín lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun àlùmọ́ọ́nì, kí ó gbé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí lọ́wọ́, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn tí wọ́n bá fún un jáde lójú ìwé yìí pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fún un. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dáhùn, kí ẹ tẹ ìyẹn náà jáde.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan, Iléṣà.